“Ọwọ́ Yín Ni, Alfa”: Lórí Ìbọn Atẹ́gùn Tí Kì Í Bá Ibi Tí A Fojú Sùn

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan báyìí tí gbólóhùn kan ti ń jẹ mí lọ́kàn. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ra ìbọn atẹ́gùn rí n'Ílọrin mọ̀ ọ́n. Oníbàárà á gbé ìbọn padà dé, á ní ọta kì í lọ síbi tí òun fojú sùn. Ọlọ́jà á gbà á, á wo ẹnu rẹ̀, á fi àtẹ́lẹwọ́ nu igi rẹ̀, á sì dá a padà fún un: “Ọwọ́ yín ni, Alfa. Ìbọn yìí ò ní nǹkan kan.” Bí oníbàárà bá tún sọ̀rọ̀, wọ́n á ní kó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń yìn ín.

Kì í ṣe pé irọ́ ni ọ̀rọ̀ yẹn ló ń dùn mí. Nígbà mìíràn òótọ́ ni. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹni tó sọ ọ́ kò tíì yìn ín wò. Ọta márùn-ún àti bébà kan ni yóò ná an kó tó mọ òótọ́, kò sì ní ná an. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ti ọlọ́jà wa tún ju bẹ́ẹ̀ lọ: òun ni wọ́n pè lẹ́jọ́, òun náà ló tún jókòó sórí àga adájọ́.

Ẹ̀ṣẹ̀ àdàkọ kọ́

Ọ̀pọ̀ ìbọn atẹ́gùn tó wà lórí àtẹ níbí, àdàkọ ni. Àwọn tí a máa ń ṣẹ́ ọ̀pá wọn wálẹ̀ kí sípíríǹgì lè fún pọ̀, ìrísí ti àwọn ará Jámánì ni wọ́n gbé wọ̀. Ilé-iṣẹ́ Mayer àti Grammelspacher, àwọn tó ń ṣe Diana, bẹ̀rẹ̀ ní Rastatt ní 1890, ìbọn wọn sì ni púpọ̀ nínú àwọn tó ń ti Ṣáínà àti Íńdíà wá fi ṣe àwòkọ. Àwọn mìíràn wà tí ọ̀pá tiwọn kì í ṣẹ́. Irin gbọọrọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń fà wálẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ará Birmingham ni irú èyí ti gbajúmọ̀, ó sì ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún.

Kò sí ohun tó burú nínú kí ènìyàn ṣe àdàkọ ohun tó dára. Irin rẹ̀ lè le, ìlà wíwọ́ inú ọ̀pá rẹ̀ lè jinlẹ̀ dáadáa. Ibi tí wọ́n ti ń dín owó kù ni ìparí iṣẹ́: kí wọ́n gé ẹnu ọ̀pá kó tẹ́jú, kí wọ́n nu gíríìsì àpọ̀jù kúrò, kí wọ́n fún síkírù dé ibi tó yẹ, kí ẹnì kan yìn ín sí bébà kó tó wọ páálí. Bí ilé-iṣẹ́ ò bá ṣe é, ẹni tó kó o wọ̀lú ló yẹ kó ṣe é. Bí òun náà ò bá ṣe é, ó di ti ẹni tó tà á. Lọ́dọ̀ wa, ọrùn àgbẹ̀ tó fẹ́ lé ọ̀kẹ́rẹ́ kúrò nínú àgbàdo lọ́nà Ìdófìàn ni iṣẹ́ yẹn ń já lé, ẹni tí kò sì mọ̀ pé iṣẹ́ kankan ṣẹ́kù.

Kí ọta tó jáde

Ibí ni gbogbo ọ̀rọ̀ so mọ́, ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́.

Tí a bá ṣẹ́ ọ̀pá wálẹ̀, písítìnì á lọ sẹ́yìn, á fún sípíríǹgì pọ̀, tìrígà á sì gbé e dúró síbẹ̀. Tí ìka bá fà á, sípíríǹgì á ta písítìnì síwájú. Písítìnì wúwo, nítorí náà ìbọn fúnra rẹ̀ á fà sẹ́yìn. Atẹ́gùn tó há síwájú písítìnì á máa fún, á máa le, títí á fi dá a dúró lójijì, á tiẹ̀ tún tì í padà díẹ̀. Nígbà náà ni ìbọn á wá ta síwájú. Àsìkò yìí gan-an ni ọta ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ìrìn rẹ̀ nínú ọ̀pá. Bí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo sí ọ̀nà ogún, gbogbo rẹ̀ kò tó ìdá kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìbọn ti mì sẹ́yìn, ó ti mì síwájú, ọta kò tíì rí ìta.

Ibi tí ìbọn bá mì dé nígbà tí ọta ń jáde ni ọta máa gbà lọ. Bí ó bá ń mì bákan náà ní gbogbo ìgbà, ọta á máa bọ́ sójú kan. Bí ìmìtìtì náà bá ń yí padà, ọta á fọ́n ká. Ìdí nìyí tí ọdẹ tó ti fi ìbọn ẹ̀tù dàgbà fi lè gbé ìbọn atẹ́gùn kó máa tàsé ohun tí kò jìnnà sí i. Ìbọn ẹ̀tù ń ta ni léjìká, nítorí náà ọdẹ a máa di igi rẹ̀ mú pinpin, a sì fi ìdí rẹ̀ ti èjìká gbọn-in. Kò ṣì í ṣe, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Àmọ́ ìdìmú líle kì í dọ́gba láti ẹ̀ẹ̀kan dé èkejì, ìbọn atẹ́gùn sì ń kọ gbogbo àìdọ́gba yẹn sílẹ̀ lórí bébà.

Ohun tó fẹ́ ni kí ọwọ́ iwájú ṣí sílẹ̀. Ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sábẹ́ igi, níbi tí ìbọn ti dọ́gba, tó máa ń wà níwájú irin tó yí tìrígà ká, kí ìka má dì í mú rárá. Kí ìdí rẹ̀ kan èjìká lásán. Kí ìka fa tìrígà díẹ̀díẹ̀, kí ojú má sì kúrò lórí irin ìfojúsùn títí ọta á fi dún lára ohun tó bà. Ẹ má gbé igi ìbọn lé òkúta, ẹ̀ka igi tàbí iwájú ọkọ̀. Ohun líle a máa ta á padà sókè. Bí ẹ bá fẹ́ ìgbọ́wọ́lé, ọwọ́ ni kó kan àpò yanrìn, kí ìbọn kan ọwọ́.

Nítorí náà ọlọ́jà tó ní “ọwọ́ yín ni” ti sọ ìdajì òótọ́. Ìdajì kejì ni pé ọjọ́ tó gba owó ló yẹ kó fi gbogbo èyí han oníbàárà, kò sì gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Bébà lórí káńtà

Oko ni kí ẹ gbé e lọ, kì í ṣe ẹ̀yìnkùlé láàárín ìgboro. Ẹ fi bébà síwájú òkìtì erùpẹ̀ tàbí àpò yanrìn. Ẹ má fi sára ògiri tàbí páànù, nítorí ọta òjé a máa ta padà, ojú ló sì sábà ń wá. Ẹni tó ní gíláàsì kó wọ̀ ọ́. Ẹ wọn mítà mẹ́wàá, ẹ fa àmì dúdú kan tó tó ìdérí ìgò. Ẹ kọ́kọ́ yin ọta díẹ̀ dànù, kí ẹ wá yin márùn-ún sí àmì kan náà.

Láàárín márùn-ún yìí, ẹ má fọwọ́ kan irin ìfojúsùn. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ba ara wọn lẹ́jọ́ jẹ́: ọta kan lọ sósì, wọ́n yí irin, òmíràn lọ sókè, wọ́n tún yí i. Nígbà tí ìyẹn bá parí, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ bóyá ìbọn ló ń fọ́n ká ni àbí àwọn ni wọ́n ń tú u ká.

Bí ihò márààrún bá kó ara wọn jọ débi tí ìdérí ìgò lè bò wọ́n, ṣùgbọ́n tí wọn kò sí lórí àmì, ìbọn yẹn dára. Irin ìfojúsùn ẹ̀yìn ni kí ẹ ṣí lọ síbi tí ẹ fẹ́ kí ọta lọ: bí ọta bá ń bọ́ sósì, ẹ ṣí i sọ́tùn-ún, bí ó bá ń bọ́ sílẹ̀, ẹ gbé e sókè. Bí ihò bá fọ́n ká bí àtẹ́lẹwọ́, nígbà náà ni ìbéèrè ọwọ́ àbí ìbọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ìtumọ̀. Ẹ fún ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n yìn ní ìbọn kan náà, ọta kan náà, bébà tuntun. Bí tirẹ̀ bá kó jọ, ọwọ́ ni. Bí tirẹ̀ náà bá fọ́n, ẹ kọ orúkọ sórí bébà méjèèjì, ó di ọ̀dọ̀ ọlọ́jà.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti ń yí. Kí bébà tó dé, àwọn ènìyàn ni àríyànjiyàn ń dá lé: ojú Bàbá ti ń ṣú, ọwọ́ Alfa ń gbọ̀n, oníṣọ́ọ̀bù yìí, gbájúẹ̀ ni. Ohùn á máa lọ sókè, àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì á ti yọjú. Jẹ́ kí bébà méjì balẹ̀ sórí káńtà, ọ̀kan ti oníbàárà, ọ̀kan ti ẹlòmíràn, kí ihò orí méjèèjì fọ́n ká bákan náà. Ọ̀gá tó ń pariwo lẹ́ẹ̀kan á mú wọn, á fi ìka wọn àárín ihò, á dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà á ní kí ọmọ iṣẹ́ mú sukudiráfà wá. Kò ní tọrọ àforíjì o, ẹ má retí ìyẹn. Ṣùgbọ́n kò tún ní sọ̀rọ̀ ọwọ́ mọ́.

Ohun tí sukudiráfà máa ń bá

Síkírù igi ni àkọ́kọ́. Méjì sábà máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi níwájú, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan tàbí méjì á sì wà níbi tìrígà. Ìmìtìtì tí mo ṣàlàyé lẹ́ẹ̀kan ló ń tú wọn, ìbọn tuntun tó ti inú páálí jáde náà kò yọ sílẹ̀. Tí wọ́n bá ti dẹ̀, irin á máa rìn nínú igi, kò sì sí ọwọ́ tó lè gbà á. Ẹ tú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ nu epo kúrò lára rẹ̀, ẹ kán Loctite aláwọ̀ búlúù, ìyẹn gọ́ọ̀mù tí kì í jẹ́ kí síkírù tú, ẹ̀kán kan ṣoṣo sí i, kí ẹ dá a padà. Èyí tó pupa kì í fẹ́ tú mọ́ àfi kí a finá sun ún. Èyí tí wọ́n fi ń lẹ bàtà kò wúlò níbẹ̀. Ẹ má sì fún un jù, igi a máa wọlé. Bí orí síkírù bá ti ń rì sínú igi, wọ́ṣà ló ń fẹ́.

Èkejì ni ojú ibi tí ọ̀pá ti ń ṣẹ́. Pẹ̀lú ọ̀pá ní pípadé, ẹ di ara ìbọn mú, ẹ fi ọwọ́ kejì mi ẹnu ọ̀pá sọ́tùn-ún sósì. Bí ó bá ń ṣe kẹ-kẹ-kẹ, bóòtù ibẹ̀ ti dẹ̀, ihò orí bébà á sì máa tò sọ́tùn-ún sósì. Ọ̀nà tó dára jù láti wọn ìfúnpọ̀ bóòtù yẹn ni pé kí ẹ ṣẹ́ ìbọn títí tìrígà á fi gbé písítìnì, kí ìka jìnnà sí tìrígà, kí ẹ wá gbé ọ̀pá sí agbedeméjì. Ó yẹ kó dúró síbi tí ẹ gbé e sí. Bó bá ń já bọ́ fúnra rẹ̀, ó dẹ̀. Bó bá ń gan, ẹ ti fún un jù.

Rọ́bà róbótó tó wà ní ìdí ọ̀pá ni ó tẹ̀lé e. Ẹ ya tíṣù tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi lé ojú ibi tí ọ̀pá ti pàdé ara ìbọn, kí ẹ yin ọta kan. Tíṣù tó fò sókè ń sọ pé atẹ́gùn ń jò níbẹ̀, agbára ọta kò sì ní dọ́gba. Rọ́bà yẹn kò wọ́n. Àwọn tó ń tún pọ́ńpù ṣe ní irú rẹ̀, kí ẹ ṣáà mú ti àtijọ́ lọ fi wọ̀n ọ́n. Ẹnu ọ̀pá náà wà níbẹ̀: ẹ fi òwú fọ́nfọ́n yí etí ihò rẹ̀ ká. Ibi tí òwú bá ti kọ́ ni irin ti yọ eyín, eyín yẹn ló sì ń ti ọta sẹ́gbẹ̀ẹ́ bó ṣe ń jáde. Ẹni tó mọ iṣẹ́ irin lè fi bébà oníyanrìn tó kúnná rẹ́ ẹ. Ìyẹn, èmi kì í gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti dá ṣe é nílé.

Ohun kan tí àwọn ọmọdé máa ń fà: wọ́n á fa tìrígà nígbà tí ọ̀pá ṣì wà ní ṣíṣẹ́. Ọ̀pá á ta padà sókè pẹ̀lú gbogbo agbára sípíríǹgì, á sì tẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ọta á máa lọ sókè, bí ẹ tilẹ̀ rẹ irin ìfojúsùn ẹ̀yìn wálẹ̀ tán. Ìka náà sì lè lọ. Ìdí nìyí tí ọwọ́ kan kò fi gbọdọ̀ kúrò lára ọ̀pá nígbàkúgbà tí ẹ bá ń fi ọta sí i.

Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kì í ṣe oògùn

Bí síkírù kò bá tán ẹ̀sùn oníbàárà, ohun tí àwọn ọlọ́jà kan á ṣe ni kí wọ́n da ọ́ìlì sí ihò atẹ́gùn. Ìbọn á sì dún gbòlà, èéfín á yọ, gbogbo ẹni tó dúró á ní “ó ti padà sípò!” Kò padà sípò rárá. Atẹ́gùn tí písítìnì fún pọ̀ lójijì gbóná débi pé ọ́ìlì gbiná nínú rẹ̀, bí dísù ṣe ń gbiná nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù. Ọta kan á yára, èkejì á lọ́ra, ọ̀wọ́ rẹ̀ á fọ́n ká ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, síìlì písítìnì á jóná, sípíríǹgì lè ṣẹ́. Ìbọn tuntun tó ní gíríìsì ilé-iṣẹ́ nínú á máa yọ èéfín díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, á sì dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀. Èyí tí kò dáwọ́ dúró ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó tà á.

Inú ọ̀pá nìkan ni ẹ lè fọ̀ nílé. Ẹ fi okùn fa àkísà kékeré láti ìdí wá sí ẹnu, títí àkísà á fi jáde ní funfun. Yóò yà yín lẹ́nu bí ìbọn kan ṣe lè yí padà nípa èyí nìkan.

Ní ti ọta, 4.5 mìlímítà àti 5.5 mìlímítà ló wọ́pọ̀. Ẹ da agolo rẹ̀ sórí aṣọ, kí ẹ ṣa àwọn tí ìdí wọn ti tẹ̀ sọ́tọ̀. Ẹ gbìyànjú oríṣi méjì tàbí mẹ́ta tí ìwọ̀n wọn yàtọ̀ kí ẹ tó dá ìbọn lẹ́bi, nítorí ọ̀pá kan lè kórìíra ohun tí èkejì fẹ́ràn. Bọ́ọ̀lù irin róbótó tí àwọn kan ń yìn nígbà tí òjé bá wọ́n, ìlà inú ọ̀pá ló ń jẹ run. Ẹ má sì jẹ́ kí nọ́ńbà ìyára tó wà lára páálí tàn yín jẹ. Ọta fẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n sábà fi ń wọn irú nọ́ńbà gọbọi bẹ́ẹ̀. Ọta tó bá sì sá dé nǹkan bí 340 mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ti ń bá ìyára ohùn du ọ̀nà, a sì máa gbọ̀n.

Awò orí ìbọn ńkọ́? A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Síkírù ń mì, bóòtù ọ̀pá dẹ̀, ọlọ́jà á tún ta awò fún yín kún un. Ìtagbọ̀n síwájú sẹ́yìn yẹn a máa fọ́ inú awò tí wọn kò ṣe fún ìbọn atẹ́gùn. Bí kò bá fọ́ ọ, á máa ti ìdè rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ bí kò bá sí irin ìdábùú tó dá a dúró.

Ìdí tí oníbàárà fi ń dákẹ́

Mo ti rò ó títí, kò dá mi lójú pé àìmọ̀ nìkan ló ń mú ọlọ́jà sọ “ọwọ́ yín ni”. Ó mọ ohun kan nípa ẹni tó dúró níwájú rẹ̀. Òfin ìbọn wa ti 1959 ka ìbọn atẹ́gùn mọ́ àwọn tí ènìyàn gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ fún, ọ̀pọ̀ ló sì ń rà á láìní ìwé kankan. Ẹni tí kò ní ìwé, ta ló máa fẹjọ́ sùn? Lásìkò tí ọ̀rọ̀ ààbò ti le ní gúúsù Kwara yìí, ẹni tó gbé ohun tó gùn tó dúdú láti Àjàṣẹ́-Ìpo dé Òmù-Àrán, ṣọ́jà kò ní kọ́kọ́ bi í bóyá atẹ́gùn ni. Oníbàárà á gbé ẹrù rẹ̀ wọ inú àpò, á lọ sílé. Àìsí ìwé oníbàárà ti di wàráńtì fún ọlọ́jà.

Ohun kan náà ni rìsíìtì. “Ìbọn 1” ni wọ́n máa ń kọ síbẹ̀, bí wọ́n bá tilẹ̀ kọ ọ́. Kò sí irú rẹ̀, kò sí nọ́ńbà ara rẹ̀, kò sí ọjọ́. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti 2018, èyí tó dá àjọ FCCPC sílẹ̀, fún ẹni tó ra ọjà aláàbọ̀ ní ẹ̀tọ́ láti dá a padà fún àtúnṣe, pàṣípààrọ̀ tàbí owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ yẹn ń fẹ́ ìwé tó sọ ohun tí ẹ rà àti ọjọ́ tí ẹ rà á. Ẹni tó ní ìwé àṣẹ, rìsíìtì tó pé àti bébà méjì tó ní ihò, ẹjọ́ tirẹ̀ yàtọ̀. Mo mọ̀ pé ìwé àṣẹ kì í yá, ó sì ń náni lówó. Síbẹ̀ òun ló ń sọ oníbàárà di ẹni tó lè sọ̀rọ̀ sókè.

Ṣọ́ọ̀bù tó bá fẹ́ ṣe dáadáa kò ní ná ju ìdajì wákàtí lórí ìbọn kan: kó fún síkírù rẹ̀, kó fọ ọ̀pá rẹ̀, kó yin márùn-ún níbi tí òfin gbà á, kó fi bébà náà sínú páálí pẹ̀lú rìsíìtì. Àwọn tó ń ta ẹ̀rọ ìránṣọ ń ran aṣọ àyẹ̀wò lé abẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó tà á, kò sì sẹ́ni tó kà á sí wàhálà.

Títí ìyẹn á fi dé, káńtà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́. Ẹ fi sukudiráfà tiyín kan gbogbo síkírù igi. Ẹ mi ẹnu ọ̀pá sọ́tùn-ún sósì. Ẹ mi irin ìfojúsùn náà, pàápàá èyí tí wọ́n fi ike ṣe. Ẹ wo etí ẹnu ọ̀pá nínú ìmọ́lẹ̀. Kí wọ́n kọ irú ìbọn, nọ́ńbà rẹ̀ àti ọjọ́ sórí rìsíìtì. Ọlọ́jà tó bá ní ẹ ń fi àkókò òun ṣòfò ti sọ bí yóò ṣe dá yín lóhùn nígbà tí ẹ bá gbé e padà wá, ṣọ́ọ̀bù mìíràn sì wà.